Aró àti Ọ̀dà: Yíyan Tàdáwà àti Ètò Kọ̀ǹpútà fún Títẹ Fọ́tò Dúdú-àti-Funfun

1. Ìfáàrà

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí ni bí a ṣe lè fi èdè Yorùbá ṣàlàyé iṣẹ́ kan tí ó ti di tojoojúmọ́ láàrin wa, ṣùgbọ́n tí a kò tíì ní ọ̀rọ̀-ìperí tí ó tó fún un. Iṣẹ́ náà ni títẹ fọ́tò dúdú-àti-funfun jáde láti inú kọ̀ǹpútà. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní 1984, ti la ọ̀nà fún wa nípa ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ó yẹ kí a tọ ọ̀nà kan náà dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú Mopa ṣe àpẹẹrẹ, ìlú tí í ṣe olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Mopa-Muro ní ilẹ̀ Yàgbà, láàrin àwọn Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí. Bí ènìyàn bá wọ yàrá àlejò àwọn àgbà níbẹ̀, tàbí ní Ìsánlú, ní Ẹ̀gbẹ́ àti ní Kàbà, kì í ṣòro láti rí fọ́tò dúdú-àti-funfun tí a gbé kọ́ ara ògiri: bàbá àgbà tí ó jókòó sórí àga, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, ìyàwó tuntun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé pẹ̀lú olùkọ́ wọn. Púpọ̀ nínú wọn ni a yà nígbà tí ilẹ̀ Òkun ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Kwara, kí a tó dá Kogí sílẹ̀ ní 1991. Bí ìdílé bá fẹ́ ṣe ìrántí olóògbé lónìí, wọn a mú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Wọn a ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, wọn a sì tẹ òmíràn tí ó tóbi jù ú lọ. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé kí ẹ̀dà tuntun yìí ṣá láàrin ọdún díẹ̀, kí ojú olóògbé pọ́n tàbí kí ó yà sí àwọ̀ ewé, nígbà tí fọ́tò àkọ́kọ́, tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ṣì wà bí ó ti wà.

Ìdí rẹ̀ ni pé dúdú tí ó wà nínú fọ́tò kejì yàtọ̀ sí dúdú tí ó wà nínú ti àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bẹ iṣẹ́ kò sì mọ bí yóò ṣe béèrè irú èyí tí ó fẹ́, nítorí pé “íńkì dúdú” nìkan ni ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu rẹ̀. Èrò tí a fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìyàtọ̀ tí ó ṣe kókó jù nínú iṣẹ́ yìí ti wà nínú èdè wa kí kọ̀ǹpútà tó dé. Òun ni ìyàtọ̀ láàrin aró àti ọ̀dà.

2. Dúdú inú fọ́tò àtijọ́

Fàdákà ni ó ń ṣe dúdú nínú fọ́tò àtijọ́. A ti da iyọ̀ fàdákà pọ̀ mọ́ jẹ́látì, a sì ti fi í bo ojú bébà. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá bà, oògùn tí ayàfọ́tò ń lò nínú yàrá òkùnkùn yóò sọ iyọ̀ náà di èérún fàdákà wẹ́wẹ́ tí ó dúdú lójú. Háìpò ni yóò wá kó iyọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ kò bà kúrò. Ibi tí èérún bá pọ̀ sí ni yóò dúdú. Ibi tí ó bá mọ níwọ̀n ni yóò ní àwọ̀ eérú. Ibi tí kò sí rárá ni yóò funfun. Ohun kan ṣoṣo ni ó ṣe gbogbo rẹ̀. Bí a bá sì fi omi fọ háìpò kúrò dáadáa, kò sí ohun tí yóò tètè ba irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ jẹ́.

Ilé ìfọ-fọ́tò ti òde òní, tí ó ń lo bébà aláwọ̀, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí dúdú kankan nínú bébà yẹn. Aró mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀: sáyáànì tí ó sún mọ́ àwọ̀ ojú ọ̀run, màjéńtà tí ó jẹ́ pupa tí ó dà pọ̀ mọ́ àlùkò, àti ìyeyè. Ìgbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé jọ ní ìwọ̀n tí ó yẹ ni ojú wa ń rí dúdú. Bí ọ̀kan bá ṣá ju àwọn yòókù lọ, dúdú náà tú ká, àwọ̀ tí ó kù yóò sì jọba.

Ọ̀rọ̀ yìí kò kéré lójú Yorùbá. Stephen Sprague, tí iṣẹ́ rẹ̀ lórí fọ́tò láàrin àwọn Yorùbá jáde ní 1978, ṣàlàyé pé ní Ìlá-Ọ̀ràngún àwọn ìdílé kan ń fi fọ́tò rọ́pò ère ìbejì. Nígbà tí a bá ti gbé fọ́tò dé irú ipò bẹ́ẹ̀, bí yóò ti pẹ́ tó kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan.

3. Tàdáwà aláró àti tàdáwà ọlọ́dà

Orúkọ tí a yàn fún ohun tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò ni tàdáwà, ọ̀rọ̀ tí ó gba ọ̀dọ̀ Haúsá wọ inú èdè wa. Àwọn kan lè sọ pé íńkì ti gbòde. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n tàdáwà ti pẹ́ lẹ́nu wa, ó sì ní ìtàn tí yóò ràn wá lọ́wọ́ láìpẹ́.

Oríṣi tàdáwà méjì ni ó wà. Nínú oríṣi kìíní, ohun tí ó ní àwọ̀ ti yọ́ pátápátá sínú omi, bí iyọ̀ ṣe ń yọ́ sínú ọbẹ̀. Bí ó bá kan bébà, ó ń wọ inú rẹ̀ lọ. Nínú oríṣi kejì, ohun tí ó ní àwọ̀ kò yọ́. Èérún wẹ́wẹ́ ni, tí ó léfòó káàkiri inú omi. Bí ó bá kan bébà, omi yóò wọlé, èérún yóò sì dúró lójú bébà. Nínú tàdáwà dúdú oríṣi kejì yìí, èérún náà jẹ́ kábọ́ọ̀nù, ọmọ ìyá dúdú tí iná ń fi sí ìdí ìkòkò.

Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ aró yóò dá ìyàtọ̀ yìí mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Aláró gún ewé ẹ̀lú, ó sá a gbẹ, ó rẹ ẹ́ sínú omi eérú. Ó ki kíjìpá bọ inú ìkòkò, aró sì wọ inú òwú. Kò sí bí a ṣe lè fi èékánná ha á kúrò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kun ògiri ní ọ̀dà mọ̀ pé ojú ògiri ni ọ̀dà wà; bí a bá ha á, ògiri yóò yọjú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni tàdáwà tí àwọn alùfáà fi ń kọ̀wé sára wàláà: èérún dúdú ni, ojú igi ni ó dúró sí, ìdí nìyẹn tí omi fi lè fọ̀ ọ́ kúrò kí a sì bu ú mu ní hàǹtú. Àwọn tí ń ṣe tàdáwà fún ẹ̀rọ lónìí ń fi ohun tí ó dà bí oje igi yí èérún kọ̀ọ̀kan po, kí ó lè di ojú bébà mú.

Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí a pe oríṣi kìíní ní tàdáwà aláró, kí a sì pe oríṣi kejì ní tàdáwà ọlọ́dà. Ẹnìkan lè takò wá pé aláró ni ẹni tí ń rẹ aṣọ, àti pé ọlọ́dà lè jẹ́ ẹni tí ń ta ọ̀dà. Ìdáhùn wa ni pé bẹ́ẹ̀ ni mọ́fíìmù oní- ṣe máa ń ṣiṣẹ́. Aláta ni ẹni tí ń ta ata, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọbẹ̀ aláta kí ó rò pé ọbẹ̀ ń tajà. Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti ń yán ọ̀rọ̀-orúkọ mìíràn, pọ́n-na rẹ̀ ti parí.

Ibì kan wà tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Aró ẹ̀lú kì í tètè ṣá, nítorí pé bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i lẹ́yìn tí ó ti wọ inú òwú, ó ń di ohun tí omi kò lè yọ́ mọ́. Aró inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò ní irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀. Bí ó ṣe ń wọ inú bébà ni orúkọ tí a fún un ń tọ́ka sí, kì í ṣe bí yóò ti pẹ́ tó. Ní ti pípẹ́, tàdáwà ọlọ́dà ni ó sábà máa ń borí, nítorí pé bí ìmọ́lẹ̀ bá ba ojú èérún jẹ́, inú rẹ̀ ṣì kù; aró tí ó yọ́ kò ní ibi ìsádi.

4. Oríṣi dúdú mélòó ni ẹ̀rọ ní?

Ẹ̀rọ tí a ń sọ nípa rẹ̀ ni èyí tí ń wọ́n tàdáwà sójú bébà ní ẹ̀kán kéékèèké. A ó máa pè é ní ẹ̀rọ awọ́ntàdáwà. Bí dúdú kan ṣoṣo bá wà nínú rẹ̀, ọ̀nà méjì ni ó ní láti ṣe àwọ̀ eérú. Ó lè jẹ́ kí ẹ̀kán dúdú jìnnà síra wọn, kí funfun bébà hàn láàrin wọn; ojú fọ́tò yóò wá rí họ́họ́họ́ bí iyanrìn. Ó sì lè da sáyáànì, màjéńtà àti ìyeyè pọ̀. Ojú fọ́tò yóò jọ̀lọ̀, ṣùgbọ́n eérú náà lè yà sí pupa tàbí sí àwọ̀ ewé.

Ìtàn ọdún díẹ̀ yóò jẹ́ kí èyí yé wa. Ní 2000, ilé-iṣẹ́ Epson gbé ẹ̀rọ Stylus Photo 1270 jáde, tí ó ń lo tàdáwà aláró. Láìpẹ́, àwọn kan rí i pé fọ́tò wọn ń di àwọ̀ ọsàn: òsóònù inú afẹ́fẹ́ ń jẹ aró sáyáànì lórí irú bébà kan. Nínú ọdún kan náà ni Stylus Photo 2000P jáde pẹ̀lú tàdáwà ọlọ́dà. Èyí kò tètè ṣá, ṣùgbọ́n eérú rẹ̀ máa ń yà sí àwọ̀ ewé bí a bá gbé e sínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, nítorí pé àdàpọ̀ àwọ̀ ni. Ní 2002, wọ́n fi dúdú kejì tí a ti là kún un. Ní 2005, tàdáwà UltraChrome K3 kó dúdú mẹ́ta pọ̀ sínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo, àdàpọ̀ àwọ̀ inú eérú sì dín kù gan-an.

Báwo ni a ṣe máa pe dúdú kejì àti ìkẹta yìí? Bí a bá ṣe ẹ̀dà orúkọ tí àwọn oyìnbó fún wọn, a ó sọ ohun tí ó takora, nítorí pé dúdú tí ó mọ́lẹ̀ kì í ṣe dúdú lójú Yorùbá. Àbùlà ni èdè wa ń pe ohun tí a fi nǹkan mìíràn là, ìbáà ṣe ọtí tàbí ọbẹ̀. Èérún kan náà ni ó wà nínú tàdáwà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Omi ni ó pọ̀ ju ara wọn lọ. Nítorí náà a pè wọ́n ní dúdú ògidì, àbùlà kìíní àti àbùlà kejì. Ọ̀rọ̀ náà eérú yóò wá wà fún àwọ̀ tí ojú rí lórí bébà. Báyìí, ohun tí ó wà nínú ìgò ní orúkọ tirẹ̀, ohun tí ó hàn lójú fọ́tò ní tirẹ̀. Aláró pẹ̀lú kì í fi orúkọ kan pe gbogbo rẹ̀: aṣọ tí ó wọ aró lẹ́ẹ̀kan péré jẹ́ àyìnrín, kí ó tó di dúdú lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìgbà.

Dúdú ògidì ọlọ́dà fúnra rẹ̀ pín sí méjì: dúdú bébà dídán àti dúdú bébà tí kò dán. Èyí èkejì máa ń dúdú gan-an lórí bébà tí ojú rẹ̀ dà bí aṣọ òwú, ṣùgbọ́n kì í di ojú bébà dídán mú. Bí a bá fi ọwọ́ pa á, yóò ra. Ẹni tí ó bá ra ọ̀kan dípò èkejì ti fi owó ṣòfò.

5. Iṣẹ́ mẹ́ta tí ètò kọ̀ǹpútà ń ṣe

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni yíyọ àwọ̀. Inú kọ̀ǹpútà, ẹyọ àwòrán kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà mẹ́ta, láti 0 dé 255: ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún àwọ̀ aró. Ètò bíi Photoshop, tàbí GIMP tí a kì í san owó fún, yóò sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ẹyọ kan. Ìlànà kan tí ó wọ́pọ̀ ń mú ìdá 30 nínú 100 láti pupa, 59 láti àwọ̀ ewé, àti 11 láti àwọ̀ aró.

Ẹ jẹ́ kí a gbé aṣọ àwọn ará Bùnú yẹ̀ wò, àwọn tí ó ní aṣọ dúdú fún ìgbéyàwó àti aṣọ ìpò pupa fún ìsìnkú àwọn ẹni ńlá. Ká ní nọ́ńbà aṣọ ìpò jẹ́ 180, 30 àti 40, tí ti aṣọ dúdú sì jẹ́ 35, 40 àti 75. Bí a bá lo ìlànà òkè yìí, aṣọ ìpò yóò di 76, aṣọ dúdú yóò di 42. Bí a bá mú pupa nìkan, aṣọ ìpò yóò di 180, yóò ní àwọ̀ eérú tí ó mọ́lẹ̀. Bí a bá mú àwọ̀ aró nìkan, aṣọ ìpò yóò di 40, aṣọ dúdú yóò di 75; pupa yóò wá dúdú ju dúdú lọ. Gíláàsì fọ́tò ti àtijọ́ tí kì í rí pupa ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Ẹni tí ó bá fi ìpinnu yìí sílẹ̀ fún ẹ̀rọ ti jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe ìpín àwọ̀ tí ó jẹ́ ti àṣà.

Ìmọ̀ yìí wúlò fún fọ́tò àtijọ́ tí ó ti pọ́n. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní aláwọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ dúdú-àti-funfun. Àbàwọ́n ìyeyè máa ń hàn jù lọ nínú nọ́ńbà àwọ̀ aró. Nínú ti pupa ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Bí a bá mú ti pupa nìkan, ọ̀pọ̀ àbàwọ́n yóò lọ láìjẹ́ pé a fọwọ́ kan ojú olóògbé.

Iṣẹ́ kejì ni ti ògbufọ̀. Kọ̀ǹpútà mọ nọ́ńbà, ẹ̀rọ mọ ẹ̀kán. Ètò kan gbọ́dọ̀ wà láàrin wọn tí yóò pinnu iye ẹ̀kán tí ìgò kọ̀ọ̀kan yóò mú wá. A pè é ní ètò ògbufọ̀. Èyí tí ó bá ẹ̀rọ wá ni ó sábà máa ń da àwọ̀ pọ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, àfi bí a bá yan ipò dúdú-àti-funfun fún un. Ògbufọ̀ mìíràn wà tí a ń rà lọ́tọ̀, bíi QuadToneRIP tí Roy Harrington ṣe fún àwọn ẹ̀rọ Epson, tí ó ń jẹ́ kí òǹtẹ̀ fúnra rẹ̀ pín iṣẹ́ fún ìgò kọ̀ọ̀kan. Ní Amẹ́ríkà, Jon Cone lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀: nínú ìlànà Piezography rẹ̀, kìkì dúdú àti oríṣiríṣi àbùlà ni ó kún inú gbogbo ìgò, kò sí àwọ̀ kankan mọ́.

Iṣẹ́ kẹta ni ìdíwọ̀n. A ó tẹ àkàbà eérú, ìyẹn ìlà tí ó pín sí ìgbésẹ̀ 21 láti funfun dé dúdú, a ó sì wò ó bóyá ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Níbi tí àkàbà ti sábà máa ń wó ni ìsàlẹ̀, láàrin àwọn dúdú. Ẹni tí ó bá mọ àwọn fọ́tò irun tí J. D. ’Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1968 yóò mọ ohun tí a ń sọ. Dúdú lórí dúdú ni irun dídì. Bí ìgbésẹ̀ mẹ́rin ìsàlẹ̀ bá dà pọ̀ di ọ̀kan, irun náà yóò di òkìtì èédú, iṣẹ́ ọwọ́ onídìrí yóò sì ṣègbé.

6. Bí a ó ṣe yàn

Ohun tí a kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni ohun tí fọ́tò náà wà fún. Fún ìwé ìsìnkú tí a ó pín lọ́jọ́ kan, tàdáwà aláró tó. Òun ni ó kún inú àwọn ẹ̀rọ olójò tàdáwà bíi Epson L805: ìgò mẹ́fà, dúdú kan, kò sí àbùlà rárá. Fún èyí tí yóò wà lára ògiri títí tí àwọn ọmọ-ọmọ yóò fi dàgbà, tàdáwà ọlọ́dà tí ó ní àbùlà ni kí a béèrè, pẹ̀lú ògbufọ̀ tí a ti yàn sí ipò dúdú-àti-funfun, kí a sì fi gíláàsì bò ó, kí oòrùn má kàn án.

Bí òǹtẹ̀ bá ní ọlọ́dà ni òun ń lò, ìdánwò méjì wà. Ẹ jẹ́ kí ó tẹ nǹkan sórí bébà lásán, kí ẹ kán omi sí i nígbà tí ó bá gbẹ: aró yóò tàn ká, ọ̀dà kò ní tàn bẹ́ẹ̀. Ẹ sì lè gé fọ́tò kan sí méjì, kí ẹ fi ìdajì sójú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀, kí ẹ fi ìdajì sínú ìwé, kí ẹ gbé wọn síra wọn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Tàdáwà ọlọ́dà ní ìyọnu tirẹ̀. Owó rẹ̀ ga ju ti aláró lọ. Èérún rẹ̀ sì máa ń silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò, ó sì máa ń dí ihò tí ẹ̀kán ń gbà jáde. Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ táútáú, ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè dí pátápátá. Òǹtẹ̀ tí ó bá yàn án gbọ́dọ̀ máa tẹ nǹkan díẹ̀ lóòrèkóòrè.

7. Àsọkágbá

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé tàdáwà aláró, tàdáwà ọlọ́dà, dúdú ògidì, àbùlà, ètò ògbufọ̀ àti àkàbà eérú tó láti fi ṣe iṣẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìyá ọ̀rọ̀ púpọ̀. Èyí tí ó bá ta létí nínú wọn, kí àwọn onímọ̀ tún un ṣe. Ohun tí a kò fẹ́ kí ó yẹ̀ ni ìlànà tí a tẹ̀ lé: kí orúkọ nǹkan sọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ẹni tí kò lọ sí yunifásítì lè gbọ́ ọ kí ó mọ ohun tí yóò béèrè. Ìyá àgbà tí ó gbé fọ́tò ọkọ rẹ̀ wá sí ilé ìtẹ̀wé mọ ohun tí ń jẹ́ aró, ó sì mọ ohun tí ń jẹ́ ọ̀dà. Bí a bá ti bi í pé, “Mọ́mì, aláró ni kí a fi tẹ̀ ẹ́ ni, àbí ọlọ́dà?”, òun fúnra rẹ̀ lè yàn.